Ẹ̀rọ Omi Tó Kọ̀ Láti Jí ní Àárọ̀ Ẹ̀gbọ́n Ràímì

Olúwa ni mo kọ́kọ́ wá kí láàárọ̀ yìí kí n tó kí ẹnikẹ́ni. Ọba tó dá omi kó tó dá ẹni tó máa mu ún, mo wólẹ̀, mo dúpẹ́. Pásítọ̀ wa, mo kí yín. Ẹ̀yin ìyá ìjọ, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ dúró lẹ́yìn nítorí pé àga ò tó, ẹ má bínú, mi ò ní pẹ́. Irọ́ ni mo pa, màá pẹ́ díẹ̀. Ohun tí Ọlọ́run ṣe yìí, bí mo bá sáré sọ ọ́, mo jẹ̀bi.

Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ mí, èmi ni Ìyá Dáníẹ́lì, ìyàwó olùkọ́ Jóṣúà tó ń kọ́ àwọn ọmọ yín ní ìṣirò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ọmọ Pobè ni mí. Ìjọba ló gbé mi wá sí Ṣábẹ̀ẹ́ níbí láti máa tọ́jú ẹ̀rọ ní ibùdó omi. Àwọn kan nínú yín ń pè mí ní Ìyá Ẹ̀rọ. Mo ń gbọ́ o!

Ẹ wo ẹ̀yìn lọ́hùn-ún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ọkùnrin tó wọ agbádá funfun yẹn, Ẹ̀gbọ́n Ràímì nìyẹn, mẹkáníìkì tó ń tọ́jú pọ́ǹpù ní ibùdó wa. Ìyàwó wọn ló jókòó tì wọ́n, Ìyá Sàkírátù. Mùsùlùmí ni àwọn méjèèjì. Èmi ni mo lọ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá gbọ́ bí mo ṣe máa dúpẹ́ nítorí wọn. Ẹ kú àbọ̀ o, ẹ̀gbọ́n mi.

Nígbà tí èmi àti ọkọ mi dé ìlú yìí, oyún Dáníẹ́lì wà nínú mi, a ò sì mọ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gbọ́n Ràímì ló bá wa wá ilé. Nígbà tí mo bímọ, tí ìyá mi ò tíì lè dé láti Pobè, Ìyá Sàkírátù ló wẹ Dáníẹ́lì, tó fi omi gbígbóná jó mi títí mo fi ń pariwo. Bí wọ́n bá wa iṣu tuntun ní oko àna wọn ní Bẹsẹ́, tiwa wà nínú rẹ̀. Wọ́n ń pè mí ní àbúrò, kì í sì í ṣe ti ẹnu lásán.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ibùdó omi ṣe ń ṣiṣẹ́. Pọ́ǹpù ló ń fa omi lẹ́bàá odò Okpara, tó ń tì í lọ sínú táńkì orí òkè. Láti ibẹ̀ ló ti ń ṣàn wá sí ẹnu rọbinẹ́ tí ẹ ti ń pọn ọ́n. Àwọn òyìnbó tó bá wa kọ́ ọ gbé ẹ̀rọ kan síbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ọ̀dínátọ̀. Òun ló ń pàṣẹ fún pọ́ǹpù pé fa omi, ó tó, sinmi. Òun náà ló ń wọn oògùn tó ń pa kòkòrò inú omi. Bí òun ò bá jí, pọ́ǹpù ò gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Epo ẹ̀rọ amúnáwá wa ò tó lò títí ilẹ̀ á fi mọ́, nítorí náà a máa ń pa ọ̀dínátọ̀ nírọ̀lẹ́, a ó sì tún un tàn láàárọ̀. Èmi àti Ẹ̀gbọ́n Ràímì la pín àárọ̀ láàárín ara wa, èmi lónìí, àwọn lọ́la.

Bọ́tìnnì méjì la máa ń tẹ̀. Àkọ́kọ́ á fún gbogbo àpótí ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀ ní iná. Ìkejì á wá sọ fún ọ̀dínátọ̀ pé dìde. Èmi, bí mo bá ti tẹ àkọ́kọ́, màá dúró, màá kọ orin ìyìn kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí n tó tẹ ìkejì. Bí mo ṣe ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mi nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n Ràímì ní tiwọn ti kírun ní mọ́sálásí kí wọ́n tó dé. Wọ́n á wọlé, wọ́n á tẹ méjèèjì pọ̀, pá, pá, wọ́n á sì sáré lọ wo pọ́ǹpù wọn. Òṣìṣẹ́ tó yára ni wọ́n. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ọyẹ́ ọdún yìí dé. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe mú. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ẹ̀gbọ́n Ràímì tan ọ̀dínátọ̀, kò jí. Iná ojú rẹ̀ tàn, ó wá dúró gbagidi bí ẹni tó gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ. Wọ́n pa á, wọ́n tún un tàn, ó kọ̀. Ìgbà tí oòrùn gòkè, tí ara ilé gbóná, ló tó dáhùn. Lọ́jọ́ kejì, mo tan án, ó jí wẹ́rẹ́. Mo ní ó ti tán. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, tó di àárọ̀ tiwọn, ó tún kọ̀. Bó ṣe ń bá wa lọ nìyẹn. Mo tú u palẹ̀, mo nu eruku inú rẹ̀, mo yẹ gbogbo okùn rẹ̀ wò, mi ò rí nǹkan kan. Bí mo bá ti tò ó pọ̀ ní ọ̀sán, á jí. Tó bá di àárọ̀ Ẹ̀gbọ́n Ràímì, á kọ̀.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ rántí ìyà yẹn. Lọ́jọ́ tó bá kọ̀, táńkì ò ní kún, rọbinẹ́ á gbẹ. Ẹ gbé korobá lọ sódò. Àwọn ará Adido ń bu omi adágún tí màlúù ń mu. Ẹ̀rù sòbìà tún bẹ̀rẹ̀ sí í bà wá. Dìspáńsárì kún fún àwọn ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru, Dáníẹ́lì mi wà lára wọn. Èmi tí mo ń tọ́jú ẹ̀rọ omi, mo gbé ọmọ mi lọ́wọ́, ètè rẹ̀ gbẹ.

Ẹ sì mọ àsìkò tí a wà. Rédíò ń sọ lójoojúmọ́ pé àwọn ọ̀tá Rẹfolúsíọ̀n ń bẹ láàárín wa. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà fi dé búrò, ọ́fíìsì wa. Dírẹ́tọ̀, ọ̀gá ibùdó wa, ní kì í ṣe pé ẹ̀rọ bàjẹ́, ó ní sábòtájì ni, pé ẹnì kan ló ń mọ̀ọ́mọ̀ ba iṣẹ́ ìjọba jẹ́. Ó ní ẹ wò ó fúnra yín, ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ yìí ń kọ̀. Òótọ́ ni.

Àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ ni àwọn jàndámù, ọlọ́pàá ológun, wá mú Ẹ̀gbọ́n Ràímì níwájú mi. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi dúdú fún gíríìsì. Wọ́n bẹ àwọn jàndámù pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn fọ ọwọ́. Kò sí omi. Wọ́n fi èkísà nù ún, wọ́n wá yíjú sí mi.

"Àbúrò, pọ́ǹpù tọwọ́ òsì ń jò díẹ̀. Bá mi fojú sí i."

Wọ́n ń mú ènìyàn lọ sí àtìmọ́lé, pọ́ǹpù ni wọ́n ń rò! Mo sunkún títí ojú mi fi wú.

Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, Ìyá Sàkírátù wá bá mi nílé. Wọ́n pọn ọmọ wọn kékeré. Wọn ò jókòó.

"Ìyá Dáníẹ́lì, ṣé o gbà pé ó ṣe é?"

Mo ní, "Rárá o, ìyá. Láéláé."

"Sọ fún wọn nígbà náà."

"Kí ni kí n sọ? Mi ò mọ ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ yẹn."

Wọ́n ní, "Ìwọ lo mọ̀ ọ́n nínú gbogbo wa. Ta ni kí n tún lọ bá?"

Wọ́n lọ. Ọkọ mi ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti inú yàrá. Ó jáde wá, ó jókòó tì mí.

Ó ní, "Bí o bá gbèjà rẹ̀ láìní nǹkan kan lọ́wọ́, wọ́n á ní ẹ jọ ṣe é ni. Ẹ̀rù ń bà mí, Ìyá Dáníẹ́lì."

Mo ní, "Kí n dákẹ́ ni?"

Ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Rárá. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí o wá nǹkan náà rí. Èmi á máa gbé ọmọ lọ sí dìspáńsárì. Èmi á máa se oúnjẹ. Ìwọ sáà wá a."

Ẹ̀yin ará, ọkọ mi se oúnjẹ o! Ọbẹ̀ náà ò ṣe é ròyìn níwájú pẹpẹ, ṣùgbọ́n mo jẹ ẹ́, mo sì tún súre fún un.

Ohun tó wá burú jù ni pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú Ẹ̀gbọ́n Ràímì, àràárọ̀ ni ẹ̀rọ ń jí. Gbogbo àárọ̀ ti di tèmi. Màá tẹ bọ́tìnnì, màá kọrin, màá tẹ ìkejì, á jí. Omi dé. Inú ìlú dùn. Dírẹ́tọ̀ ní ṣé mo rí i báyìí? Mo ń mú omi wá fún ìlú, omi yẹn gan-an ló sì ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀gbọ́n mi.

Arábìnrin kan wà nínú ìjọ yìí tí mi ò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí mo fẹ́ràn rẹ̀. Ó dì mọ́ mi lẹ́yìn ìsìn, ó ní, "Ìyá Dáníẹ́lì, ṣé o ò rí i ni? Orin lò ń kọ kí o tó tan án. Ẹ̀rọ náà mọ ọwọ́ ọmọ Ọlọ́run. Ọwọ́ Mùsùlùmí ló ń kọ̀."

Ìfẹ́ ló fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà gún mi. Mo délé, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Olúwa, òjò Rẹ ń rọ̀ sí oko Ràímì, ó ń rọ̀ sí oko tiwa. Ṣé ara ẹ̀rọ omi ni Ìwọ á ti wá máa ṣa ọwọ́? Mi ò gbà á gbọ́. Mi ò bẹ̀ Ọ́ pé kí ẹ̀rọ máa jí fún mi. Fi ìdí rẹ̀ hàn mí, kí arákùnrin mi lè wá sílé." Mo gbààwẹ̀. Ọkọ mi bá mi gbà á.

Ẹ wá wo bí Olúwa ṣe dáhùn. Ó gba ohùn mi!

Ẹ má rẹ́rìn-ín, òótọ́ ni. Ọ̀fìnkìn ọyẹ́ kọlù mí, ọ̀fun mi dí, mi ò lè sọ̀rọ̀ ju kí n máa ṣe kẹ̀lẹ̀kẹ̀lẹ̀ lọ. Mo dé ibùdó láàárọ̀, òtútù ń mú, mo tẹ bọ́tìnnì àkọ́kọ́, mo la ẹnu láti kọrin, kò sí ohùn. Mo ní Olúwa, O mọ ọkàn mi. Mo tẹ ìkejì.

Ọ̀dínátọ̀ tàn, ó dúró gbagidi.

Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni pé ṣé ọ̀rọ̀ arábìnrin yẹn ló wá ṣẹ, pé nítorí pé mi ò kọrin ni? Mo jókòó sílẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì. Mo wá ń bi ara mi pé, kí tiẹ̀ ni orin ń ṣe fún ẹ̀rọ? Ẹ̀rọ ò ní etí. Orin mi ń fún mi láyọ̀, ó ń fún Ọlọ́run ní ògo. Fún ẹ̀rọ ńkọ́? Àyè! Orin mi ń fún un láyè!

Mo fò dìde. Mo pa gbogbo rẹ̀. Mo jẹ́ kó tutù. Mo tẹ àkọ́kọ́, mo dákẹ́, mo dúró bí ìgbà tí mo bá ń kọrin, mo wá tẹ ìkejì. Ó jí! Mo tún pa á, mo dúró kó tutù, mo tẹ méjèèjì pọ̀ bíi ti Ẹ̀gbọ́n Ràímì, ó kọ̀. Mo dán an wò títí ó fi dá mi lójú. Kì í ṣe ti ọwọ́. Kì í ṣe ti ẹ̀sìn. Ìyára Ẹ̀gbọ́n Ràímì ni wọ́n fi ń pè wọ́n ní ọ̀dàlẹ̀.

Mo sáré lọ bá Dírẹ́tọ̀. Ohùn mi ò jáde. Mo ń ṣe kẹ̀lẹ̀kẹ̀lẹ̀, mo ń fi ọwọ́ júwe. Ó ní, "Kámáràdì, ṣé ìwọ náà ti bẹ̀rẹ̀ sábòtájì?" Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní kí ó pe Kòmáńdà àwọn jàndámù wá ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí òtútù tó lọ, kí wọ́n sì mú Ẹ̀gbọ́n Ràímì dání. Mo ní bí mo bá parọ́, kí wọ́n mú èmi náà lọ. Ọlọ́run ló fi ọkàn rẹ̀ sípò. Ó gbà.

Wọ́n dé. Irùngbọ̀n ti bo Ẹ̀gbọ́n Ràímì lójú, aṣọ ti tóbi jù wọ́n lọ. Wọ́n rí mi, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ó ní òun ò lè wà ní kíláàsì kí èmi nìkan dúró níwájú ìbọn. Mo ní, "Kámáràdì Kòmáńdà, ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ jọ̀ọ́ bá wa tan ẹ̀rọ lónìí. Bọ́tìnnì méjèèjì nìyí."

Kòmáńdà na ọwọ́, ó tẹ̀ wọ́n bí ológun, pá, pá!

Ọ̀dínátọ̀ tàn, ó dúró gbagidi.

Kò sẹ́ni tó fẹ́ wo ojú Kòmáńdà. Ẹ̀gbọ́n Ràímì ló wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé, "Ẹ má fòyà, Kámáràdì Kòmáńdà. Bó ṣe ṣe fún èmi náà nìyẹn."

Kòmáńdà wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó wo Dírẹ́tọ̀. Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu jàndámù tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò lè mú un mọ́ra. Kòmáńdà náà bá rẹ́rìn-ín! Mo pa ẹ̀rọ, mo jẹ́ kó tutù, mo ní kó tún un tẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó tẹ àkọ́kọ́, kí ó bi Ẹ̀gbọ́n Ràímì léèrè àlàáfíà ilé wọn, kí ó dúró gbọ́ ìdáhùn, kó tó tẹ ìkejì. Ó bi wọ́n. Ẹ̀gbọ́n Ràímì dárúkọ àwọn ọmọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó tẹ ìkejì. Ẹ̀rọ jí, pọ́ǹpù dún hùùù, omi bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè.

Kòmáńdà ní, "Máa lọ sílé, Kámáràdì Ràímì. Ìyàwó rẹ ń dúró." Ìyìn ni fún Olúwa!

Àwọn ọ̀dọ́ ti bi mí pé kí ló ń ṣe ẹ̀rọ náà gan-an. Mo wá ìdí rẹ̀ lẹ́yìn náà. Bí ọ̀dínátọ̀ bá ń jí, ó máa ń pe àwọn ẹ̀rọ abẹ́ rẹ̀. Ó ń pe díìsìkì, ìyẹn àwo kan tó ń yí, tí àṣẹ iṣẹ́ ojoojúmọ́ wà lórí rẹ̀. Ó sì ń pe àpótí tó ń darí pọ́ǹpù. Ó ń pe méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ti gbà lọ́kàn pé ẹni tó bá kọ́kọ́ dáhùn ni díìsìkì. Eré ìje ni wọ́n ń sá láìmọ̀. Níbi tí wọ́n ti ṣe é, díìsìkì ló ń ṣáájú nígbà gbogbo. Níbí, òtútù ọyẹ́ mú díìsìkì lọ́ra, àpótí pọ́ǹpù ṣáájú rẹ̀, ọ̀dínátọ̀ wá ń béèrè àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí kò ní àṣẹ kankan. Ó ń dúró de ìdáhùn tí kò ní dé. Orin mi ló ń fún díìsìkì láyè láti yí dáadáa kí a tó pè é.

Ètò tó ń jí i wà lórí kásẹ́ẹ̀tì kékeré kan. Mo jókòó tì í láti tún un kọ. Àkọ́kọ́ tí mo ṣe ni pé mo ní kí ó kà díẹ̀ kó tó pe ẹnikẹ́ni. Ó ṣiṣẹ́. A yọ̀. Ó wá di àárọ̀ kan tí òtútù mú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àárọ̀ Ẹ̀gbọ́n Ràímì, ẹ̀rọ tún kọ̀. Mo bá wọn níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó fẹ́ mú wọn mọ́, ṣùgbọ́n mo rí i tí wọ́n yára fa ọwọ́ wọn kúrò lórí bọ́tìnnì, ọwọ́ tó ti ń tú pọ́ǹpù láti ìgbà ọ̀dọ́ wọn. Ọkàn mi bàjẹ́. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó, ẹ mu omi. Mi ò ní kúrò níwájú ẹ̀rọ yìí lónìí."

Mo gbàdúrà, mo sì ronú. Olúwa là mí lóye pé kíkà yẹn, àméfò ni. Ta ló mọ bí òtútù ọ̀la ṣe máa rí? Mo pa á rẹ́. Mo kọ ọ́ pé kí ọ̀dínátọ̀ pe díìsìkì nìkan, kí ó dúró títí díìsìkì á fi dáhùn ní orúkọ ara rẹ̀. Bó yá, kó gbà á. Bó pẹ́, kó ní sùúrù. Ìgbà náà ni kó tó pe àpótí pọ́ǹpù, kí ó sì tún dúró gbọ́ tirẹ̀. Mo fi kásẹ́ẹ̀tì sí i. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ tẹ méjèèjì pọ̀ bí ẹ ṣe máa ń ṣe."

Wọ́n ní, "Àbúrò, ṣé kí n yára?"

Mo ní, "Bí ẹ bá ṣe lè yára tó!"

Pá, pá! Ẹ̀rọ ronú, ó pẹ́ díẹ̀, ó jí. Láti ìgbà náà, ọyẹ́ ti mú, ó ti mú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀rọ ò kọ ọwọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Ara Dáníẹ́lì mi ti yá, ó ti ń gun orí tábìlì. Dírẹ́tọ̀ dìde nínú ìpàdé, ó ní òun ṣe àṣìṣe lórí ọ̀rọ̀ Kámáràdì Ràímì. Ẹ̀yin mọ̀ pé ìyẹn ò wọ́pọ̀ lásìkò yìí.

Arábìnrin mi ọ̀wọ́n, ìwọ náà wá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ìyá Sàkírátù, o gbé gaàrí àti ẹja lọ, ẹ sì jọ jẹun. Ọlọ́run rí i.

Ẹ ṣáà wò ó, Ìyá Sàkírátù ti dìde kí n tó ní kí ìjọ dìde! Ẹ̀yin ìyá ìjọ, ẹ lọ bá wọn jó. Ẹ fa ọkọ wọn náà dìde, bí wọ́n bá ní àwọn ò mọ̀ ọ́n jó, ẹ má gbà. Ẹni tí wọ́n wá mú níwájú mi pẹ̀lú ọwọ́ dúdú, ẹ wo ọwọ́ náà lónìí, ó mọ́, ó ń pàtẹ́wọ́ nínú ilé Olúwa. Ẹ bá mi dúpẹ́, ẹ bá mi yọ̀. Lọ́la, àárọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni. Ẹ gbé ìkòkò yín jáde ní kùtùkùtù, nítorí pé omi àárọ̀ wọn kì í pẹ́ dé!